Ojú Tó Ń Ṣọ́ Motor: Ìtàn Sẹ́ńsọ̀ Kékeré Tó Ń Dá Ọkọ̀ Oníná Dúró

Ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kọ sílẹ̀ síbí. Mo kàn yọ ikọ́ mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì kúrò nínú rẹ̀ ni.

Àbúrò màmá mi ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹun. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo fò sókè, Bọ̀dá mi ta ọkọ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n fi owó kún un, wọ́n sì ra tòkunbọ̀ háíbíríìdì kan, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo epo pẹ̀lú iná bátìrì. Wọ́n gbádùn rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nígbà òjò, tí wọ́n tẹ bọ́tìnì, tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yòò, tí ọkọ̀ kò sì mira. Epo wà nínú táǹkì. Ẹ́ńjìnnì kò tiẹ̀ húkọ́ lásán.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní bátìrì ńlá ló ti kú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò kú. Mẹkáníìkì kejì so scanner mọ́ ọkọ̀, kóòdù kan jáde: P0A4B. Ó wo kóòdù náà títí, ó mi orí, ó ní gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n máa pààrọ̀ látòkè délẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni motor wà, wọn kì í sì í ta ẹ̀yà inú rẹ̀ lọ́tọ̀. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọkọ̀. Bọ̀dá mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní, “Ìwọ tó o máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bá mi wo ohun tí kóòdù yìí ń wí kí n tó lọ ta ilẹ̀.”

Mo wò ó. Ohun tí P0A4B ń sọ ni pé àléébù wà ní ọ̀nà iná sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ inú ọkọ̀ yí dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ọ̀nà iná sẹ́ńsọ̀ ló wí. Kò dárúkọ gíábọ́ọ̀sì. Àárín ohun méjèèjì yìí ni ilẹ̀ Bọ̀dá mi wà.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́nu wa, mọ́tò ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ètò yìí, bí mo bá ní “motor”, ẹ̀rọ tó ń lo iná láti yí nǹkan ni mo ń wí. Bí mo bá ní “ọkọ̀”, ọkọ̀ náà ni. Apá tó ń yí nínú motor ni mo máa pè ní rótò.

Kí la wá fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ ṣe nínú motor? Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ Bọ̀dá mi fi dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìgbà kan wà tí kò sí sẹ́ńsọ̀ kankan nínú motor ọkọ̀, tí motor sì ń yí.

Ní ọdún 1873, níbi àfihàn àgbáyé ní ìlú Vienna, wọ́n so ẹ̀rọ méjì tí Zénobe Gramme, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ṣe pọ̀. Ọ̀kan ń pèsè iná. Bí iná náà ṣe wọ inú èkejì, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ayé ti rí i gbangba pé a lè fi wáyà gbé agbára láti ibì kan dé ibòmíràn.

Àmọ́ ohun kan ṣòro nínú kí òòfà máa yí nǹkan. Òòfà ń fà ni. Bó bá ti fa nǹkan dé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó parí, ìyẹn á dúró síbẹ̀. Kí rótò tó lè máa yí láìdúró, ẹni tó ń fà á gbọ́dọ̀ máa sún síwájú nígbà gbogbo, bí ẹni tó ń fi ewé fa ewúrẹ́ lọ sílé. Bí ewúrẹ́ bá ti fẹ́ bu ewé jẹ, ó gbé ewé síwájú. Tó bá gbé e jìnnà jù, ewúrẹ́ á gbàgbé rẹ̀. Tó bá pẹ́ jù kó tó gbé e, ewúrẹ́ á jẹ ewé tán. Torí náà, ẹni tó mú ewé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹnu ewúrẹ́ wà ní gbogbo ìgbà.

Nínú motor ìgbà Gramme, búrọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá ti rí i rí tí rewáyà tú sítátà ọkọ̀, ẹ ó ti rí òrùka bàbà tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ lára rótò, àti ègé èédú líle tó ń fara kàn án. Bí rótò ti ń yí ni òrùka náà ń yí, tí iná ń kúrò lára ègé bàbà kan bọ́ sórí òmíràn, ní àsìkò gan-an tó yẹ. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un. Ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ ló so ewé mọ́ iwájú orí ara rẹ̀.

Irú motor bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àwọn ọkọ̀ oníná ayé àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọkọ̀ oníná kì í ṣe ohun àná. Ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1900, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọkọ̀ tó wà lójú títì ló ń lo bátìrì. Bí motor wọn bá ṣàìsàn, àìsàn náà ní ojú, ó sì ní òórùn. Búrọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán á máa ta iná pà-pà-pà, eruku dúdú á bo inú motor, òrùka bàbà á jó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ṣí ìdérí, á fi ojú rí i. Mo rò pé ohun tó sọnù nìyẹn nígbà tó yá, tí kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i: àléébù tí èèyàn lè fi ojú lásán rí.

Búrọ́ọ̀ṣì ń jẹ, ó ń gbóná, ó sì ń fẹ́ àmójútó. Ní ọdún 1888, Nikola Tesla gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí motor tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì rárá, tó jẹ́ pé iná AC ló ń yí òòfà káàkiri lára apá tó dúró sójú kan. Galileo Ferraris, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ti ń ṣe irú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n motor yìí máa ń yí bí iná tí wọ́n fún un bá ṣe ń yí ni. Láti jẹ́ kó máa lọ, kó máa dúró, kó máa rọra gòkè bí ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìyẹn kò rọrùn rárá. Ó di ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí ojútùú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi motor sílẹ̀ díẹ̀, kí n mú yín lọ síbi tí ojú tuntun náà ti wá, nítorí pé kì í ṣe inú ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí.

Panama ni. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ipa omi ńlá tó so òkun Atlantic mọ́ Pacific, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, wọ́n ní ìṣòro kan. Ọkọ̀ ojú omi ń gòkè bí ẹni gun àtẹ̀gùn, láti yàrá omi kan sí òmíràn. Yàrá kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bíi mítà 305. Ilẹ̀kùn irin ńláńlá wà níbẹ̀, àwọn fáàfù tó ń gba omi wọlé sì wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú kò lè tó. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ìdarí lókè ló máa ń ṣí wọn, tó sì máa ń tì wọ́n. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé fáàfù tí òun kò rí ti ṣí dé ìdajì?

Edward Schildhauer ni ẹnjiníà tí ọ̀rọ̀ iná ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ General Electric ló sì ṣe àwọn ẹ̀rọ náà. Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn lójú. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ fáàfù, wọ́n fi ìkejì rẹ̀ sórí tábìlì ìdarí, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú wáyà. Bí ti ẹ̀gbẹ́ fáàfù bá yí díẹ̀, ti orí tábìlì á yí iye kan náà. Orí tábìlì náà wá dà bí àwòrán kékeré gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi. Nígbà tó yá, General Electric ń pe irú ẹ̀rọ yìí ní selsyn.

Ohun tó wú mi lórí nípa rẹ̀ ni pé wáyà wọ̀nyẹn kò gbé agbára tó lè ṣí ilẹ̀kùn. Ìròyìn nìkan ni wọ́n gbé: “ibi tí mo yí dé nìyí.” Àwọn ológun orí omi kò pẹ́ rí i pé èyí wúlò láti darí ìbọn ńlá orí ọkọ̀ ogun, kí ẹni tó ń wo ọ̀tá láti òkè lè mọ ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí.

Nínú ẹbí selsyn yìí ni wọ́n ti bí resolver, òun sì ni ẹni tí a ń wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Ká ní ẹnì kan ń rìn yí kànga po. Èèyàn méjì ń ṣọ́ ọ láti ọ̀ọ́kán. Ọ̀kan dúró níwájú, ohun tó sì lè sọ kò ju bí onítọ̀hún ṣe wà lápá òsì tàbí ọ̀tún tó. Èkejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe wà níwájú tàbí lẹ́yìn tó nìkan ló lè sọ. Ẹnì kan nínú wọn kò lè dá mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ìròyìn àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì rántí ìṣirò girama, sine àti cosine nìyẹn. Wáyà mẹ́ta tí wọ́n wé ló wà nínú resolver: ọ̀kan ń gba iná AC kékeré wọlé, àwọn méjì tó kù, tí wọ́n dúró ní igun 90 sí ara wọn, ń gbé ìròyìn jáde.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ Apollo tó lọ sí òṣùpá lo resolver nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ náà kọjú sí. Nígbà tí Apollo 11 balẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1969, resolver wà níbẹ̀. Bọ̀dá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ èyí fún wọn. Wọ́n ní, “Ẹni tó dé òṣùpá wá ń dá mi dúró ní Challenge.”

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí motor. Ní 1929, Robert H. Park ní Amẹ́ríkà ti kọ ìṣirò kan tó jẹ́ kéèyàn lè wo motor AC bí ẹni pé orí rótò rẹ̀ gan-an lèèyàn jókòó sí, tó ń bá a yí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Felix Blaschke ti ilé iṣẹ́ Siemens ní Jámánì, tẹ̀ lé iṣẹ́ tí K. Hasse ṣe ní Darmstadt, fi irú ìṣirò yìí darí motor AC bí ẹni pé ó ní búrọ́ọ̀ṣì. Ojútùú náà dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jókòó sórí rótò nínú ìṣirò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí rótò wà.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Masato Sagawa ní Japan àti John Croat ní General Motors, olúkúlùkù lọ́nà tirẹ̀, ṣàwárí òòfà neodymium, tó lágbára ju gbogbo èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Motor kékeré tó lágbára ṣeé ṣe nìyẹn. Àmọ́ òòfà yìí lẹ̀ mọ́ rótò pátápátá. Bí kọ̀ǹpútà bá fi iná ránṣẹ́ síbi tí kò yẹ, rótò á gbọ̀n, tàbí kó fà sẹ́yìn. Motor onínú irin lásán, irú èyí tó wà nínú EV1 ti General Motors ní 1996, lè fara da kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe ń sáré tó nìkan. Olóòfà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ àṣìṣe.

Lójú mi, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀ nínú ọkọ̀.

Ní Toyota, Takeshi Uchiyamada àti àwọn ènìyàn rẹ̀ parí ọkọ̀ àdánwò Prius àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 1995. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò gbéra. Ọjọ́ 49 ni wọ́n fi wá ibi tí àṣìṣe wà kí ọkọ̀ náà tó rìn, nígbà tó sì rìn, ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan ló lọ tó tún dúró. Bí ẹ bá ń tijú pé rewáyà yín ti gbé ọkọ̀ yín dání fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rántí ọjọ́ 49 yìí. Prius jáde fún títà ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997.

Motor méjì ló wà nínú rẹ̀, resolver kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́ wọn. Irú resolver tí wọ́n lò níbẹ̀ kò ní wáyà lára apá tó ń yí. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé bí ẹyin ni. Bí ikùn ẹyin náà bá sún mọ́ wáyà, ìròyìn á lágbára; bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ bá dé ibẹ̀, á rẹlẹ̀. Kò ní búrọ́ọ̀ṣì, kò ní òòfà, òróró kò lè ṣe é nǹkan kan, ooru kò bà á lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí resolver fúnra rẹ̀ kì í fi í sábà bàjẹ́, tó sì fi yẹ ká kọ́kọ́ fura sí ohun tó wà láàárín òun àti kọ̀ǹpútà.

Ìdí tún wà tí ẹ́ńjìnnì Bọ̀dá mi kò fi húkọ́. Nínú irú háíbíríìdì báyìí, kò sí sítátà. Motor kejì, ìyẹn jẹnẹrétọ̀, ló ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó gbiná. Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kò ní gbìyànjú láti yí i. Epo lè kún táǹkì dé ẹnu, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ń parọ́ fún òun? Ẹ rántí àwọn méjì tó ń ṣọ́ ẹni tó ń yí kànga po. Bí a bá sọ iye ti ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti èkejì, tí a ro wọ́n pọ̀, iye kan náà la gbọ́dọ̀ máa rí, ibi yòówù kí onítọ̀hún wà. Bí iye yìí bá já wálẹ̀ lójijì, ọ̀kan nínú wọn ti sùn nìyẹn, tàbí wáyà ti já. Bó bá ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, omi tàbí ìpẹtà ti ń dé. Kọ̀ǹpútà kò ní dúró béèrè. Á kọ kóòdù, á sì gé agbára, nítorí pé ó sàn kí ọkọ̀ dúró ju kó fò síwájú lọ.

Mo bá bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà iná, a jọ lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Rewáyà àdúgbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ṣe iṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Wáyà sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wáyà ọlọ́sàn, ìyẹn àwọn wáyà tó nípọn tó pọ́n bí ọsàn, ló ń gbà kọjá. Nínú Prius ìran kejì, bátìrì jẹ́ fóòtì 201.6, wọ́n sì ń gbé e ga dé 500 kó tó dé ọ̀dọ̀ motor. Ìyẹn ń pa èèyàn. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ààbò ara bátìrì ńlá, ẹ fi sínú àpò yín kí ẹlòmíràn má lọ tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí iná tó fara pamọ́ sínú kàpásítọ̀ tó rọ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún fóòtì 1,000 ni kí ẹ wọ̀. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mítà. Rewáyà yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì wọn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ibẹ̀. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, àmọ́ nínú irú háíbíríìdì tí mò ń wí, iye tí a ń retí kì í ju nǹkan bí 20 ohm lọ. Wáyà tó ń gba iná wọlé ló máa ń kéré jù, àwọn méjì tó ń gbé ìròyìn jáde sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí ìbejì. Ti àkọ́kọ́ dára. Sine dára. Cosine kò ka nǹkan kan. Mítà dákẹ́ bí ẹni pé a kò fi kan nǹkan. Mẹkáníìkì kejì tó dúró lẹ́yìn wa ní, “Mo sọ fún yín.”

Ká ní ibẹ̀ la dúró sí, gíábọ́ọ̀sì ni à bá pààrọ̀. Wọ́n wá wọn wáyà kan náà láti ìdí púlọ́ọ̀gì tó wọ inú gíábọ́ọ̀sì. Cosine kà, iye rẹ̀ sì bá sine mu. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì pé pérépéré. Àárín púlọ́ọ̀gì méjèèjì ni àléébù wà. Wọ́n tún wò bóyá wáyà kankan kan ara irin ọkọ̀. Kò kàn án. Rewáyà tan iná fóònù sínú púlọ́ọ̀gì, a sì rí i: pin kan ti di aláwọ̀ ewé bí bàbà tó ti pẹ́ nínú òjò. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ ti fi omi tó ń tú pẹ̀lú agbára fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Rewáyà gé ibi tó jẹrà, ó fi wáyà tuntun kan gùn ún, wáyà gígùn kan ṣoṣo tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá. Ọkọ̀ gbéra, Bọ̀dá mi jó. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà márosẹ̀, tí ìyára pọ̀ díẹ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kóòdù kan náà padà. Ọ̀rẹ́ mi ló rí ìdí rẹ̀. Wáyà resolver máa ń lọ́ mọ́ ara wọn ní méjì-méjì bí okùn, bébà fàdákà sì máa ń wé wọn, kí ariwo iná wáyà ọlọ́sàn má bàa wọlé. Wáyà kan ṣoṣo tó nà tọ̀ọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn ti di éríà. Ìròyìn ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo, bíi kéèyàn máa gbọ́ rédíò nígbà tí àrá ń sán. Wọ́n tú u, wọ́n lọ́ méjì tuntun mọ́ra, wọ́n wé e, wọ́n sì so ìwé náà mọ́ irin ní ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó tán.

Ká ní wáyà inú resolver ló já lóòótọ́, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Nígbà náà, òótọ́ ni pé gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n máa gbé, nínú àwọn ọkọ̀ kan sì rèé, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún kọ́ ibi tí òdo wà lára motor tuntun kó tó lè wà á dáadáa. Mẹkáníìkì kejì kò purọ́. Ó kàn dáhùn ìbéèrè tí mítà kò tíì bi í ni.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa láti Kútọnu àti Lomé, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè: ọ̀kadà oníná ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò ní resolver. Sẹ́ńsọ̀ Hall mẹ́ta ni wọ́n ń lò, tí wọ́n fi orúkọ Edwin Hall pè, ẹni tó ṣàwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1879 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún ló ń jáde: pupa àti dúdú fún iná, mẹ́ta fún ìròyìn. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo mítà. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa tàn kó máa kú. Nínú motor tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín àyíká dọ́gba, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọ́dọ̀ tàn pọ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kú pọ̀. Èyí tí kò bá yí padà rárá lẹ máa tọ wáyà rẹ̀ lọ kí ẹ tó tú motor.

Bọ̀dá mi ti padà sí ojú ọ̀nà. Wọ́n gbé pin aláwọ̀ ewé yẹn sínú ọ̀rá kékeré, ó wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mẹkáníìkì kejì wá kí wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un jáde, ó yí i wò títí, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ya fọ́tò rẹ̀, nítorí pé háíbíríìdì méjì mìíràn wà ní ṣọ́ọ̀bù òun tí kóòdù wọn jọ ti ọkọ̀ wọn.